Ẹrú Tí A Rà, Òun Ni A Ń Bọ: Ìtàn Ojúkòkòrò ní Ilẹ̀ Tchamba

Láti Sokodé, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Tógò, ọ̀nà kan kọjú sí ìlà-oòrùn, ó gba Tchamba kọjá sí Kambolé, níbi tí àwọn ènìyàn tí ń sọ ẹ̀ka èdè Yorùbá ti jẹ́ aládùúgbò àwọn Tem, àwọn Tchamba, àti àwọn ará Bago òun Kusuntu tí èdè tiwọn dá yàtọ̀. Láyé àtijọ́, ẹkùn yìí ni àwọn oníṣòwò Haúsá ń gbà bí wọ́n bá ru obì bọ̀ láti Salaga, tí wọ́n ń lọ sí Djougou. Ṣùgbọ́n bí òwò ẹrú ti ń gbilẹ̀, ọmọ ènìyàn pẹ̀lú di ọjà títà bí obì, nítorí àwọn akónilẹ́rú a dédé ya lu abúlé, wọn a kó tọkùnrin tobìnrin tí kò ṣẹ̀ wọ́n, wọn a sì tà wọ́n lọ tà wọ́n bọ̀ títí wọn ó fi dé Aného àti àwọn ìlú etíkun yòókù.

Àwọn ará etíkun kò bi ẹrú léèrè orírun rẹ̀. Ẹni tó bá ti òkè wá, Tchamba ni wọ́n ń pè é. Olówó fi ẹrú ro oko, ó fi ẹrúbìnrin ṣaya, ilé rẹ̀ kún, ó rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Nígbà tó yá, tí àìsàn àti àdánù kò jẹ́ kí àwọn ilé ńlá wọ̀nyẹn gbádùn, awo a difá, ifá a sì fọhùn pé ẹrú tó kú sí àjò láìsí ọmọ ìyá tí yóò sin ín ló ń bèèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ojúbọ Màmá Tchamba ṣe wà láàárín àwọn Ewé àti Mina títí di òní. Owó ẹyọ ń bẹ níbẹ̀, ẹ̀wọ̀n irin ń bẹ níbẹ̀, obì ń bẹ níbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀gbà ọwọ́ tí a fi irin mẹ́ta lọ́ pọ̀, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan pupa, ọ̀kan funfun. Owó tí a fi ra ẹrú àti ẹ̀wọ̀n tí a fi dè é ni àrọ́mọdọ́mọ olówó wá ń kúnlẹ̀ fún, tí wọ́n ń tọrọ àlàáfíà.

Ìwé Mímọ́ ti kìlọ̀ rẹ̀ tipẹ́. Amosi, darandaran ará Tekoa, kò bá àjèjì nìkan wí. Ó dojú kọ àwọn ọlọ́rọ̀ Ísírẹ́lì, tí wọ́n ń ta olóòótọ́ nítorí fàdákà, tí iye tálákà kò sì ju ti bàtà lọ lójú wọn. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, tó ṣíwájú nínú títúmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, mọ ìtumọ̀ ẹ̀sùn náà nínú ara rẹ̀, nítorí a kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821.

Ní 1884, ọdún tí Bíbélì Yorùbá pé odindi, ni Jámánì fi Tógò sábẹ́ ara rẹ̀. Wọ́n lé aráàlú lọ síbi iṣẹ́ ọ̀nà àti ojú irin, pàṣán sì ni ìpín ẹni tó bá kọ̀. Nígbà tí Faransé sì gba ipò wọn, iṣẹ́ àfipáṣe kò tán títí òfin April 11, 1946 fi fòpin sí i. Irú rẹ̀ ló fọ́ ìjọba Rehoboamu, ọba Ísírẹ́lì: àwọn ènìyàn bẹ̀ ẹ́ pé kó dín àjàgà tí Solomoni, bàbá rẹ̀, gbé kọ́ wọn lọ́rùn kù, ó fi ìgbéraga dá wọn lóhùn, ó sì tún rán Adoramu, olórí iṣẹ́ àfipáṣe, sí wọn, wọ́n sọ ọ́ lókùúta pa, ẹ̀yà mẹ́wàá sì bá tiwọn lọ.

Yorùbá náà kò ṣàì ní irú aláṣẹ bẹ́ẹ̀. Ní Ọ̀yọ́, Baṣọ̀run Gáà gba agbára lọ́wọ́ ọba, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń kó ìṣákọ́lẹ̀ ìlú jẹ, títí Aláàfin Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1774. Òun ni àwọn àgbà fi ń kìlọ̀ pé, bí o bá láyà, kí o ṣèkà. Bí o bá rántí ikú Gáà, kí o ṣòótọ́.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wòlíì Samueli darúgbó, ó dúró níwájú gbogbo Ísírẹ́lì, ó bi wọ́n pé màlúù ta ni òun gbà, ta ni òun rẹ́ jẹ, kò sì sí ẹni tó lè naka sí i. Ẹ̀yin ọba, ẹ̀yin baálẹ̀, ẹ̀yin aláṣẹ láti Kambolé dé Èkó, ẹ ṣe àkóso yín lọ́nà tí ẹ̀yin náà yóò fi lè bèèrè bẹ́ẹ̀ ní gbangba. Nítorí gbèsè tí alágbára bá fi ìrẹ́jẹ jẹ, àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò san án.