Òdiwọ̀n Ìkìlọ̀ Ní Etí Òkun Ìlàjẹ

Àwọn ará etí òkun Ìlàjẹ ti ní òdiwọ̀n ìkìlọ̀ tiwọn tipẹ́ kí ìjọba tó ní àjọ tí ń wọn omi. Orí òpó ni wọ́n ń kọ́ ilé sí, pákó ni wọ́n fi ń tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, pákó náà ni wọ́n sì fi ń ṣe afárá láti ojúlé dé ojúlé. Bí omi bá kún dé ara òpó, kò sí ẹni tí yóò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá kan pákó, ọ̀rọ̀ ti di ti gbogbo ilé.

Ní oṣù kìíní ọdún 1947 ni àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́, tí inúnibíni lé kúrò ní abúlé wọn, tẹ Ayétòrò dó. Wọ́n pa owó àti iṣẹ́ pọ̀, wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n hun aṣọ; iná mànàmáná ti ń tàn níbẹ̀ kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Òkun tí ó wà ní ọ̀ọ́kán nígbà náà ti gbé ilé, ilé ìwé àti ilé ìwòsàn lọ.

Irú ilẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ dá kún un. Iyanrìn ni etí òkun Èkó. Nígbà tí ìjọba amúnisìn kọ́ ògiri òkúta sí ẹnu ọ̀sà láàárín 1908 sí 1912, iyanrìn kò ráàyè kọjá mọ́, Bar Beach sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Ṣùgbọ́n iyanrìn ṣeé fà padà láti inú òkun. Ẹrẹ̀ ni ti Máhìn, ilẹ̀ rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìgbà tí òkun kún àti ìgbà tí ó fà kò ju nǹkan bíi mítà kan lọ, nítorí náà ìwọ̀nba díẹ̀ tí ìgbì bá fi kún un ti tó láti wọ inú ilé. Ìgbì tí ará Èkó lè dúró wò bí ìran ń wó ilé ní Ayétòrò.

Ní Lókójà ni orílẹ̀-èdè yìí ti ń wo òdiwọ̀n Odò Ọya: mítà 12.84 ní ọdún 2012, mítà 13.22 ní 2022. Òdiwọ̀n rere ni fún odò, nítorí ìkún odò ń gba ọjọ́ púpọ̀ kí ó tó dé ìsàlẹ̀. Òkun kì í fúnni ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ń ṣọ́ ètò kọ̀ǹpútà tí a fi èdè Java kọ mọ ọgbọ́n yìí dáadáa: iye tí ó yẹ kí aago ìkìlọ̀ dún sí lórí ẹ̀rọ ìdánwò kọ́ ni wọ́n ń gbé sórí ẹ̀rọ tí oníbàárà ń lò.

Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ ní òdiwọ̀n tó péye, ta ni yóò dáhùn? Ní 2004 ni àjọ NDDC gbé iṣẹ́ ìdáàbòbò etíkun Ayétòrò fún agbaṣẹ́ṣe kan. Ní 2009 wọ́n tún gbé e fún òmíràn. Ní 2024, ogún ọdún lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, òkun ṣì ń wọlé. Àwọn ará ìlú ti kọ̀wé, wọ́n ti wọ́de. Àwọn mìíràn ti tú pákó ilé wọn, wọ́n sì ti tún un kọ́ sẹ́yìn, síhà irà.