Oúnjẹ Ọ̀sán Ọmọ Ilé-Ìwé ní Ìjẹ̀bú-Òde, láti Ayé Míṣọ́n títí di Òní

Púpọ̀ nínú àwọn tí ó ti kọ ìtàn ètò-ẹ̀kọ́ ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ni ó ti sọ̀rọ̀ lórí ilé-ìwé tí a kọ́, olùkọ́ tí a gbà, àti owó ilé-ìwé. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọ̀sán kò jọ wọ́n lójú. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí olùkọ́ kíláàsì kìíní kan tí kò mọ̀ pé, nígbà tí ọ̀sán bá ń pọ́n bọ̀, ojú ọmọ ọdún mẹ́fà tí kò tíì jẹun kì í sí lára pátákó ìkọ̀wé mọ́. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ tọpa rẹ̀ níhìn-ín: láti ìgbà tí ilé-ìwé ti dé Ìjẹ̀bú-Òde, ta ni ó ti ń ru ẹrù oúnjẹ ọ̀sán ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwé?

Ní ayé àtijọ́, ẹrù náà kò ní orúkọ, nítorí pé ẹ̀kọ́ àti oúnjẹ kò yà kúrò lára ara wọn. Ọmọ tí ó bá baba rẹ̀ lọ sí oko ń kọ́ iṣẹ́ oko, iṣu tí a sun ní ẹ̀bá ebè ni ó sì ń jẹ. Ọmọ tí a fi sí ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ ń jẹ nínú ìkòkò ọ̀gá rẹ̀. Àwọn míṣọ́nnárì àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá pàápàá kò jìnnà sí àṣà yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Adé Àjàyí ti ṣàlàyé bí wọ́n ti ń kó àwọn ọmọ akẹ́kọ̀ọ́ sí inú ilé míṣọ́n, tí wọ́n ń bọ́ wọn, tí wọ́n sì ń wọ̀ wọ́n láṣọ. Ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú pẹ́ kí ó tó ṣí ilẹ̀kùn fún wọn. Lẹ́yìn ogun Ìmàgbọn ní oṣù karùn-ún ọdún 1892 ni míṣọ́n tó ráyè wọlé dáadáa, àwọn ènìyàn sì fi ìtara tẹ́wọ́ gba ìwé tó bẹ́ẹ̀ tí ilé míṣọ́n kan kò lè gba gbogbo ọmọ tí ń bọ̀. Ilé-ìwé àlọ-bọ̀ ni ó gbilẹ̀. Ọmọ ń ti ilé wá ní òwúrọ̀, ó sì ń padà sílé. Olùkọ́ gba orí ọmọ. Ikùn rẹ̀ ṣẹ́ kù sọ́wọ́ ìyá.

Ìyá Ìjẹ̀bú ẹ̀wẹ̀, oníṣòwò ni. Ẹni tí ó ní láti dé ọjà kí ilẹ̀ tó mọ́ tán kò lè jókòó sídìí ààrò de ọmọ ní ọ̀sán. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó fi owó lé ọmọ lọ́wọ́. Báyìí ni olóńjẹ ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé ṣe di òpó kan nínú ètò-ẹ̀kọ́ wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìwé ìjọba kan tí ó ka orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn òṣìṣẹ́. Ẹ̀kọ àti àkàrà ni, ẹ̀wà àti dòdò, mọ́ín-mọ́ín nínú ewé, gàrí Ìjẹ̀bú tí ó kan dáadáa, tí a fi omi rẹ, tí a sì fi ẹ̀pà jẹ. (Ìkókórè kò sí níbẹ̀ púpọ̀, oúnjẹ ilé ni ti ewùrà.) Ní ayé pọ́n-ùn àti ṣílè, ọmọ tí ó ní tọ́rọ́ lọ́wọ́ jẹ́ ọlọ́lá láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹni tí ó ní kọ́bọ̀ yóò yó níwọ̀nba, ẹlẹ́pìnnì yóò sì ra àkàrà tí yóò mu omi lé e lórí. Ọgbọ́n olóńjẹ ni pé kì í fi òṣùwọ̀n kan ṣoṣo bu oúnjẹ. Bí ẹ̀wà bá wọ́n, a dín ṣíbí kù. Bí ọmọ bá dé láìní owó, tí ó sì mọ ìyá rẹ̀, a bù ú fún un, a sì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sílé. Ètò ìgbọ́kàn-lé ni, ó sì ní àléébù tirẹ̀: ọmọ tí a kò mọ ìyá rẹ̀, tàbí tí gbèsè rẹ̀ ti pọ̀ jù, yóò dúró máa wo ẹnu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní ọdún 1955 ni ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ọmọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni ó gbé ìlànà rẹ̀ wá sí iwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní ọdún 1952: Stephen Olúwọlé Awókọ̀yà, ọmọ Awà, ẹni tí ó ti jẹ́ ọ̀gá àkọ́kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Mólúsì ní Ìjẹ̀bú-Igbó kí ó tó di mínísítà. Ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jẹ́ 456,600 ní ọdún 1954. Nígbà tí a ka wọn ní 1955, wọ́n di 811,432. Gbogbo wa ni a ti gbọ́ nípa ọmọ tí a ní kí ó na ọwọ́ kọjá lórí fi kan etí kejì, nítorí pé ọ̀pọ̀ ni kò ní ìwé ọjọ́ ìbí. Ohun tí a kì í sábà rò ni irú ọmọ tí iye náà jẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé yìí ni ọmọ ẹni tí kò rí owó ilé-ìwé san tẹ́lẹ̀. Ẹni tí kò rí owó ilé-ìwé san, níbo ni yóò ti rí kọ́bọ̀ ojoojúmọ́? Òfin ti mú owó ilé-ìwé kúrò, ṣùgbọ́n owó oúnjẹ dúró síbẹ̀, ó sì ń di sísan láràárọ̀.

Èmi kò dá ìjọba ìgbà náà lẹ́bi. Wọ́n ní kíláàsì láti kọ́ àti olùkọ́ láti wá, owó orí ṣílè mẹ́wàá àti sísì tí wọ́n bù lé àwọn ará ìlú sì ti fa ìjà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ṣe àwòkọ́ṣe kò yára jù wá lọ bí a ti ń rò. Ní 1880 ni wọ́n fi dandan mú gbogbo ọmọ lọ sí ilé-ìwé. Ó di 1906 kí òfin tó gba àwọn ìjọba ìbílẹ̀ láyè láti bọ́ wọn, lẹ́yìn tí ogun àwọn Boer ti fi han aláṣẹ pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin wọn kò yẹ fún iṣẹ́ ọmọ-ogun. Òfin 1906 wí pé wọ́n lè ṣe é. Ti 1944 ni ó sọ ọ́ di dandan. Kí a fi èyí sọ́kàn: ọdún 38 ni ó wà láàárín «ẹ lè» àti «ẹ gbọ́dọ̀».

Ní tiwa, ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti gbogbo Nàìjíríà dé ní 1976, ti ẹgbẹ́ UPN sì dé ní 1979 nígbà tí Ọlábísí Onabanjo, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, jẹ́ gómìnà Ìpínlẹ̀ Ògùn. Àwo oúnjẹ kò sí nínú wọn. Láàárín àkókò yìí náírà ti rọ́pò ṣílè, ní 1973, àwọn olóńjẹ sì ti yí ìṣirò wọn padà láìpe ìpàdé kankan.

Òfin ẹ̀kọ́ gbogbogbòò ti ọdún 2004 ni ó mú ohun tuntun wá. Nígbà tí òfin náà ń ka àwọn ohun tí ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ọmọ ní ilé-ìwé ìjọba, ó dárúkọ ìwé, ohun èlò ìkọ́ni, kíláàsì, àga àti tábìlì, ó sì dárúkọ oúnjẹ ọ̀sán. Ó yà mí lẹ́nu bí àwọn tí ń jiyàn lórí ẹ̀kọ́ kì í ti í sábà ka gbólóhùn yìí dé òpin. Ní ọdún 2005 ni a dán ètò oúnjẹ náà wò ní ìpínlẹ̀ 12 àti ní Àbújá. Kò pẹ́ tí ọ̀pọ̀ jùlọ fi jáwọ́, Ọ̀ṣun sì wà lára àwọn díẹ̀ tí kò jáwọ́.

Ní ìparí ọdún 2016 ni ìjọba àpapọ̀ tún bẹ̀rẹ̀, fún kíláàsì kìíní sí ẹ̀kẹta, ní náírà 70 fún ọmọ kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Ògùn wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gba owó. Iye tí ìjọba kéde ní ìbẹ̀rẹ̀ 2017 ni N119,648,900, fún oúnjẹ ọjọ́ mẹ́wàá, fún ọmọ 170,927, ní ọwọ́ alásè 1,381. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ bí olóńjẹ yóò ti ṣírò rẹ̀. Alásè kan ní bíi ọmọ 124 láti bọ́, owó tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lóòjọ́ sì jẹ́ bíi N8,660. Nínú rẹ̀ ni yóò ti ra ìrẹsì tàbí ẹ̀wà, ata, epo, igi ìdáná, kí ó sì rí èrè tirẹ̀. Ètò náà gbọ́n ní ibi kan: inú àpò ìfowópamọ́ àwọn obìnrin náà ni a ń san owó sí tààrà, láìgba ọwọ́ ọ̀gá kankan kọjá. Níbòmíràn, kò kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn tí ó gbà síṣẹ́. Iye owó dúró sójú kan nígbà tí ọjà ń gòkè. Bí owó bá pẹ́ kí ó tó dé, gẹ́gẹ́ bí àwọn alásè ti ń ṣàròyé ní onírúurú ìpínlẹ̀, kò sí ìyá ọmọ tí a lè ránṣẹ́ sí. Ọmọ tí ó bá sì gòkè sí kíláàsì kẹrin, oúnjẹ rẹ̀ tán lọ́jọ́ náà, bí ẹni pé ikùn náà ti ṣe ìdánwò yege.

Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ dá ètò yìí dúró pọ̀ mọ́ àwọn ètò ìrànwọ́ yòókù, kí a lè yẹ ìwé ìnáwó wọn wò. Kò sí ẹni tí ó lòdì sí yíyẹ ìwé wò. Ṣùgbọ́n inú òfin kan náà ni oúnjẹ ọ̀sán àti àga ilé-ìwé wà, lórí ìlà kan náà, a kò sì gbọ́ pé a ní kí àwọn ọmọ dìde kúrò lórí àga títí a ó fi yẹ ìwé ẹni tí ó kàn án wò. Ìyàtọ̀ náà wá láti inú bí a ti ń ka oúnjẹ sí: ìrànwọ́, tí a lè dá dúró. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí a dá a dúró, ìyá tí ń lọ sọ́jà tún ní láti tú ìdí ìró rẹ̀, kí ó ka owó lé ọmọ lọ́wọ́.