Àwọn Àwórì: Àgbẹ̀ Tó Kọ́kọ́ Ro Ilẹ̀ Èbúté Mẹ́ta àti Muṣin

 

Ẹni tó bá dé Ojúẹlẹ́gbá tàbí Muṣin lónìí, ilé àti ọkọ̀ ni yóò rí. Bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ oko ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ta ló kọ́kọ́ ro ó? Àwọn Àwórì ni.

Ìtàn wọn ni pé Ọlọ́fin Ògúnfúnminírè àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń tẹ̀ lé àwo kan tó ń léfòó lórí odò Ògùn. Nígbà tó dé Ìṣẹrì, àwo náà rì, wọ́n sì ní, "Àwo ti rì." Ibẹ̀ ni orúkọ Àwórì ti jáde. Láti Ìṣẹrì ni àwọn kan ti sọ̀ kalẹ̀ wá sí Èbúté Mẹ́ta, kí wọ́n tó kọjá sí erékùṣù Ìdó. Oko dídá àti ẹja pípa ni iṣẹ́ wọn. Àwọn àgbà so orúkọ Muṣin mọ́ igi iṣin. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ibi tí Arómirẹ́ gbin ata sí ni ààfin Ọba Èkó wà títí dòní; ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ìga Ìdúngànrán.

Ní 1913, ìjọba òyìnbó gba ilẹ̀ ní Àpápá. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ ìṣákọ́lẹ̀ nìkan ni olóyè ní. Amodu Tijani, Olóyè Olúwa, kò gbà. Ó pẹjọ́, kò rí i jẹ nílé. Ní 1920, òun àti Herbert Macaulay, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ títì ńlá ní Yábà, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1921, Privy Council dájọ́ pé gbogbo ará ìlú ló ni ilẹ̀ náà, àti pé Olúwa ni yóò gba owó ìtanràn kíkún nítorí tiwọn.

Lónìí, Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sábẹ́ gómìnà ìpínlẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ní kí ìjọba sanwó irè oko àti ilé tó bá wà lórí ilẹ̀ tí ó gbà. Nítorí náà, ẹ ka igi kòkó, ọ̀pẹ àti obì yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹgbẹ́ fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́. Olúwa kò dá nìkan jà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.