Ihò Kékeré Inú Hítà

Nínú hítà gáàsì àtijọ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń gbé sínú yàrá, idẹ kan wà tí kò ju ìka ọmọdé lọ, tí wọ́n lu láàárín. Ihò rẹ̀ ni gáàsì ń gbà tú jáde, tó fi ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra kó tó gbiná. Irú gáàsì tí hítà máa jó ni wọ́n fi ń díwọ̀n ihò yìí. Ìdí nìyẹn tí hítà tí wọ́n ṣe fún gáàsì inú ilẹ̀, èyí tí páìpù ń gbé wọ ìgboro, kò fi lè jó propane inú sílíńdà láìjẹ́ pé wọ́n tún inú rẹ̀ ṣe.

Ọgbọ́n pípo afẹ́fẹ́ mọ́ gáàsì ti wà ṣáájú propane. Ní 1855, ní yunifásítì Heidelberg ní Jámánì, Robert Bunsen àti Peter Desaga tó ń bá a rọ irinṣẹ́ gbé iná kan jáde tó ń jó búlúù, tí kì í rú èéfín. Irú iná yẹn ni àwọn oníhítà mú. Wọ́n to amọ̀ sísun sí i lórí. Amọ̀ náà á pọ́n rẹ̀rẹ̀, ooru rẹ̀ á sì máa ta sára ẹni tó jókòó níwájú. Ìlú tí páìpù dé nìkan ló jẹ̀gbádùn rẹ̀. Igi, èédú àti kẹrosíìnì ni ará oko ń fi yáná.

Ẹjọ́ bẹntiróòlù ló bí gáàsì inú sílíńdà. Ní 1910, ẹnì kan tó ní ọkọ̀ Ford Model T fẹjọ́ sun Walter Snelling, onímọ̀ kẹ́míkà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Pittsburgh, pé bẹntiróòlù tí òun ń rà ń dín kù kí òun tó délé. Snelling rọ díẹ̀ sínú ìgò. Bó ṣe ń gbé e lọ, ńṣe ni ìdérí ń fò kúrò lẹ́nu ìgò léraléra. Ó yọ ohun tó ń ti ìdérí náà sọ́tọ̀, ó sì bá propane àti butane níbẹ̀: bí wọ́n bá fún un mọ́ inú irin, a di olómi, bí wọ́n bá ṣí i, a padà di gáàsì. Ní 1912, ilé kan nítòsí Waterford ní Pennsylvania bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Snelling gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ náà, ó sì tà á fún Frank Phillips, oníṣòwò epo, ní 50,000 dọ́là. Ẹbí kan náà ni gáàsì ìdáná tí wọ́n ń fi kílò wọ̀n ní Ìbàdàn lónìí.

Àti propane àti gáàsì inú ilẹ̀ ni kò ní òórùn, ibẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ tó korò jù ti wá. Ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní New London, Texas, ìgbìmọ̀ pa àwòrán tó ní bọ́ílà àti páìpù ooru tì, wọ́n to hítà gáàsì 72 káàkiri ilé náà. Kí owó má baà pọ̀, wọ́n tún fa gáàsì tí àwọn elépo ń sun dànù. Ó ń jò sábẹ́ ilé, orí ń fọ́ àwọn ọmọ, ẹnikẹ́ni kò fura. Ní 18 March 1937, lẹ́yìn aago mẹ́ta ọ̀sán, olùkọ́ kan tan ẹ̀rọ ìfági, iná ta pàrà, ilé fò sókè. Nǹkan bí 300 èèyàn ló kú, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ló pọ̀ jù. Texas ṣòfin pé kí wọ́n máa po ohun tó ń rùn mọ́ gáàsì, ibòmíràn sì tẹ̀lé e. Òórùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ gáàsì kì í ṣe ti gáàsì fúnra rẹ̀.

Hítà tó bá kúrò ní ìgboro lọ sóko gbọ́dọ̀ pa gáàsì dà. Bí wọ́n bá wọn propane àti gáàsì inú ilẹ̀ dọ́gba, ooru propane tó ìlọ́po méjì àtààbọ̀, agbára tó sì fi ń wọ hítà tún ga jù. Ihò ti tẹ́lẹ̀ ti gbòòrò jù fún un nìyẹn. Ẹni tó bá so propane mọ́ ọn bẹ́ẹ̀ á rí iná gígùn pípọ́n tó ń lá kọjá orí amọ̀, amọ̀ náà á di dúdú, carbon monoxide tí ojú kò rí á sì máa kún yàrá. Àwọn oníṣẹ́ àtijọ́ a máa dí ihò náà, wọn a tún fi irin tín-ín-rín lu òmíràn. Lóde òní, idẹ tí ilé iṣẹ́ tó ṣe hítà náà fúnra rẹ̀ díwọ̀n ni wọ́n ń lò, pẹ̀lú rẹgulétọ̀ propane àti ìyípadà iná kékeré tó ń tan ńlá. Oníṣẹ́ tó níwèé àṣẹ ló ń ṣe é, á sì fi ìfófòó ọṣẹ wo gbogbo oríkèé páìpù.

Fáàfù, ohun tó ń ṣí gáàsì tó sì ń pa á, ni ọ̀pọ̀ hítà àtijọ́ fi ń pòfo. Gáàsì inú ilẹ̀ fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ, ó ń gòkè; propane wúwo tó ìlọ́po kan àtààbọ̀ afẹ́fẹ́, ó ń sùn sílẹ̀. Fáàfù tí kò dé dáadáa lè rọ propane jọ sílẹ̀ yàrá títí iná á fi bá a.

Láti àwọn ọdún 1980 ni hítà tí kò ní ihò èéfín ti ń ní ohun tó ń ṣọ́ afẹ́fẹ́. Nínú afẹ́fẹ́ rere, ọ́síjìn jẹ́ nǹkan bí 21 nínú 100. Bó bá ṣubú sí nǹkan bí 18, iná kékeré náà á fò kúrò lórí irin tó ń mú gbóná, fáàfù á sì pa. Èyí tí wọ́n díwọ̀n fún gáàsì kan kò ṣe é lò fún èkejì. Hítà tó ṣáájú rẹ̀ kò ní irú ẹ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ pa ihò rẹ̀ dà. California kò gba hítà aláìníhò èéfín láàyè nínú ilé gbígbé. Èyí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò sì ní ohun ìyípadà fún kì í kúrò nídìí gáàsì tí wọ́n ṣe é fún.