Ta Ni Afọbajẹ ní Wakanda? Oyè Ọba àti Ìrọ́pò Ọba nínú Ìtàn Àròsọ Sáyẹ́ǹsì, Lójú Ìtàn Ọ̀yọ́, Èkó àti Ìbàdàn

Àṣamọ̀

Ìbéèrè kan ni àpilẹ̀kọ yìí gbé dání: nínú ayé àròsọ tí àwọn ènìyàn ti ń fò láti ìràwọ̀ dé ìràwọ̀, ta ló ń fi ọba jẹ? Mo yẹ Wakanda inú fíìmù, ìwé Dune àti Foundation orí tẹlifíṣọ̀n wò, mo sì fi wọ́n wé ìtàn ìtẹ́ Ọ̀yọ́, Èkó àti Ìbàdàn. Èrò mi ni pé ibi tí agbára láti fi ọba jẹ àti agbára láti jagun bá ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn yàtọ̀ sí ọba ni ìtẹ́ ti máa ń fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ibi tí méjèèjì bá bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan, ìlú yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ má bọ́ lọ́wọ́ ìjàǹbá.

Ìfáárà

Èkó ni ìtàn ìtẹ́ Wakanda ti bẹ̀rẹ̀. Nínú fíìmù Captain America: Civil War tó jáde ní 2016, ìbúgbàù kan ṣẹlẹ̀ ní Èkó, ó sì pa àwọn ará Wakanda tí wọ́n wá ṣiṣẹ́ àánú níbẹ̀. Ikú wọn ló gbé Ọba T'Chaka dé Vienna, níbi tí àwọn orílẹ̀-èdè ti fẹ́ fọwọ́ sí àdéhùn, ibẹ̀ náà sì ni bọ́ǹbù ti pa á. Ìtẹ́ ṣófo. Bí ọmọ rẹ̀, T'Challa, ṣe di ọba ni Black Panther, tí Ryan Coogler darí ní 2018, wá sọ fún wa.

Ẹni tó ń gbé Anthony ní Èkó kò gbọdọ̀ ka èyí sí eré ọmọdé. Àdúgbò tí onírúurú ènìyàn ti wá tẹ̀dó ni Anthony, lẹ́bàá títì Ìkòròdú, ṣùgbọ́n àwọn ìlú àtijọ́ tí wọ́n ní oyè tiwọn ló yí i ká ní Kòsọ́fẹ́: Ìkòsí, Kétu, Ògùdù, Agbóyì, Ọ̀wọ́rọ̀. Káàkiri ìpínlẹ̀ Èkó, bí ọba tàbí baálẹ̀ bá ti papò dà, ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ dé ni pé ìdílé wo ló kàn, àwọn wo ni afọbajẹ, kí ni ìjọba yóò sì sọ. Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí gan-an ni mo fẹ́ kó lọ bá àwọn ayé àròsọ. Nígbà tí Wakanda bá di ọ̀rọ̀ sísọ, aṣọ, èdè Xhosa àti ẹ̀rọ ni ẹnu máa ń kún fún. Ètò ìfọbajẹ rẹ̀ tọ́ sí àyẹ̀wò bákan náà.

Ọwọ́ mẹ́ta tó ń gbé adé

Ọ̀yọ́ ni mo fi ṣe òṣùwọ̀n, nítorí pé ètò rẹ̀ fara hàn kedere. Ọwọ́ àkọ́kọ́ ni ti ìdílé ọba, tó ń fa ọmọ oyè kalẹ̀. Ọwọ́ kejì ni ti Ọ̀yọ́ Mèsì: Baṣọ̀run, Àgbàakin, Ṣàmù, Alápìnni, Lágùnnà, Akíníkú àti Aṣípa. Àwọn ni wọ́n ń yan ọba lẹ́yìn tí Ifá bá ti sọ tirẹ̀, wọn kì í sì í ṣe ọmọ oyè. Ẹni tí kò lè jọba ló ń fi ọba jẹ. Láyé àtijọ́, wọ́n tún lágbára láti kọ ọba, ọba tí wọ́n bá sì kọ̀ gbọ́dọ̀ pa ara rẹ̀. Ọwọ́ kẹta ni ti ogun. Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ló ń ṣáájú ogun Aláàfin, àṣà kò sì gbà á láyè láti máa gbé ní olú ìlú pẹ̀lú ọba.

Ẹ wo ọgbọ́n tó wà nínú èyí. Ẹni tó wà lórí ìtẹ́ kò ní idà, ẹni tó ní idà kò sí láàfin, àwọn tó mọ ẹni tí adé tọ́ sí kò sì lè dé e fúnra wọn. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Wakanda: ìtẹ́ tí kò ní afọbajẹ

Ọjọ́ ìwúyè T'Challa dára púpọ̀ lójú. Wọ́n kó ara wọn jọ sí ìdí ìṣàn omi kan, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan dúró lórí àpáta pẹ̀lú aṣọ tirẹ̀. Zuri, àgbà tó ń bójú tó ètùtù, fún T'Challa ní ohun mímu kan tó gba agbára ewé àṣírí kúrò lára rẹ̀, kó lè dúró bí ènìyàn lásán. Ó wá bi àwọn ẹ̀yà léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá wọ́n ní ẹni tí yóò bá a du ìtẹ́. Wọ́n ní àwọn kò ní. Àfi ìgbà tí M'Baku, olórí àwọn Jabari, jáde wá láti orí òkè, tí wọ́n sì wọ̀yá ìjà nínú omi.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àwọn àgbà ẹ̀yà ń ṣe níbẹ̀. Wọ́n lè fa jagunjagun kalẹ̀, wọ́n sì lè dákẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè sọ pé, “Ẹni yìí kò yẹ.” Apá ló ń yan ọba, ahọ́n àgbà kò sì lágbára kankan lórí ohun tí apá bá ti yàn.

Àléébù yìí ló ṣí ilẹ̀kùn fún Killmonger. Ọmọ N'Jobu, àbúrò T'Chaka, ni, nítorí náà ọmọ oyè ni lóòótọ́. Ó béèrè ìjà, ó ju T'Challa sísàlẹ̀ ìṣàn omi, ó sì di ọba lójú ẹsẹ̀. Kò sí ẹni tó wádìí ìwà rẹ̀. Kò sí ẹni tó bi Ifá tàbí ohunkóhun tó jọ Ifá. Okoye, tó jẹ́ olórí ẹ̀ṣọ́, mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́, síbẹ̀ ìtẹ́ ló búra fún, ó sì dúró ti ẹni tó jókòó sórí rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, Killmonger pàṣẹ pé kí wọ́n dáná sun gbogbo ọgbà ewé tí wọ́n fi ń sọ ọba di alágbára. Ó pa ọ̀nà ìrọ́pò run kí ẹnikẹ́ni má baà tẹ̀lé e. Àwọn àgbà ń wò. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n òfin Wakanda ti gba ọwọ́ àgbà kúrò lára ọmọ náà.

Nígbà tí T'Challa padà, ohun tó fi gbèjà ara rẹ̀ ni pé òun kò kú, òun kò sì túúbá, nítorí náà ìjà kò tíì parí. Agbẹjọ́rò gidi lè sọ bẹ́ẹ̀ ní kóòtù. Ṣùgbọ́n ta ni adájọ́? Kò sí. Ogun abẹ́lé ló dá ẹjọ́ náà.

Orísun ìṣòro yìí ni bí wọ́n ṣe to oyè. Ọba àti akọni Black Panther jẹ́ ẹnì kan náà, bíi pé Aláàfin fúnra rẹ̀ ni Kakaǹfò. Bí ọba bá jẹ́ olórí ogun, kò sí bí ìjà kò ṣe ní di ìdánwò oyè. Inú Wakanda Forever, tó jáde ní 2022, ni ìyípadà ti dé. Shuri, àbúrò T'Challa, gba agbára Black Panther, ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ ìwúyè pé, kò wá sí ìdí omi. M'Baku ló wá, ó ní òun fẹ́ du ìtẹ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú fíìmù méjèèjì, oyè ogun àti oyè ọba fẹ́ pínyà. Mo ka èyí sí ohun tó gbọ́n jù nínú ìtàn náà.

Ìjàyè, 1859 sí 1862

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mò ń sọ pé tiwa kò lábàwọ́n. Àṣà Ọ̀yọ́ àtijọ́ ni pé kí Àrẹ̀mọ bá baba rẹ̀ kú, kó má baà kánjú sí ìtẹ́. Aláàfin Àtìbà yí èyí padà, ó fẹ́ kí Àrẹ̀mọ Adélù rọ́pò òun. Nígbà tí Àtìbà wàjà ní 1859, Ìbàdàn gbà fún Adélù, ṣùgbọ́n Kúrunmí ti Ìjàyè, tó jẹ́ Kakaǹfò, yarí. Ó ní àṣà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, Ìjàyè sì tú ní 1862.

Kúrunmí ní àwíjàre: ọba kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ẹnu ara rẹ̀ pín ìtẹ́ fún ọmọ rẹ̀. Ẹ̀bi rẹ̀ ni pé ó fi idà gbé àwíjàre náà. Níbi tí ọba ti sọ ara rẹ̀ di afọbajẹ, tí olórí ogun sì sọ ara rẹ̀ di adájọ́, ìlú ló san gbèsè. Ohun tó da Wakanda rú fún ìgbà díẹ̀ nínú fíìmù ló sọ Ìjàyè di ahoro.

Dune àti àgbá Agídíngbì

Nínú ìwé Dune, tí Frank Herbert kọ ní 1965, Ọba-lórí-ọba Shaddam Kẹrin ní ọmọbìnrin márùn-ún, kò ní ọkùnrin. Paul Atreides gba ìtẹ́ rẹ̀ nípa fífẹ́ Irulan, àkọ́bí rẹ̀. Ìgbéyàwó yẹn ni òde rí. Ohun tó ṣiṣẹ́ gan-an ni pé Paul halẹ̀ láti pa èròjà orí pílánẹ́ẹ̀tì Arrakis run, èyí tí kò sí awakọ̀ òfuurufú tó lè ṣe láìsí rẹ̀. Ẹgbẹ́ awakọ̀ náà gbọ̀n, wọ́n kọ̀yìn sí Shaddam, ọ̀rọ̀ parí. Afọbajẹ wà nínú Dune, oníṣòwò ni.

Èkó mọ irú rẹ̀. Ẹlẹ́tù Òdìbò, àgbà nínú àwọn afọbajẹ, kò fẹ́ kí Kòsọ́kọ́ jọba, Akíntóyè ni wọ́n fi jẹ. Ní 1845, Kòsọ́kọ́ jà nínú Ogun Olómirò, ó lé Akíntóyè, wọ́n sì pa Ẹlẹ́tù. Akíntóyè wá ìrànlọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní December 1851, ọkọ̀ ogun wọn yin àgbá lu Èkó, ohun tí àwọn ará Èkó ń pè ní Ogun Agídíngbì, wọ́n sì dá Akíntóyè padà sórí ìtẹ́. Òpin òwò ẹrú ni wọ́n fi ṣe àlàyé, ṣùgbọ́n òwò tiwọn náà wà nínú rẹ̀. Akíntóyè kú ní 1853. Ọmọ rẹ̀, Dòsùmú, ló rọ́pò rẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù August 1861, ó fọwọ́ sí ìwé tó fa Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Kò tó ọdún mẹ́wàá tó wà láàárín ìgbà tí àjèjì fi ọba jẹ àti ìgbà tí àjèjì gba ìlú.

Ibi tí Dune ti ga ju Wakanda lọ nìyí: Herbert mọ̀ pé ẹni tó ń gbé adé léni lórí ní ìdí tó fi ń gbé e. Àwọn tí wọ́n gbé Paul dé orí ìtẹ́, Arrakis kò lè bi wọ́n léèrè ohunkóhun, bí Èkó kò ṣe lè bi ọkọ̀ ogun léèrè.

Ọba tó ń bí ara rẹ̀, àti àkàbà Ìbàdàn

Nínú Foundation, tí Apple bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde ní 2021, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Cleon Kìíní ní kí wọ́n máa fi ẹ̀yà ara òun ṣe ẹ̀dà òun. Ẹ̀dà mẹ́ta ló máa ń wà pọ̀: ọmọdé, ẹni tó ń ṣèjọba, àti arúgbó. Bí ẹ̀dà tuntun bá dé, arúgbó yóò lọ. Wọn kò nílò ìdílé, ìdíje tàbí àlàfo kankan. Ṣùgbọ́n bí Cleon bá ṣìnà, èyí tó tẹ̀lé e yóò ṣìnà bákan náà, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó lè wọlé. Ohun tí wọ́n fi ṣe ààbò ìtẹ́ ló ń jẹ ẹ́ run.

Ìbàdàn dojú kọ ìṣòro kan náà lọ́nà tó dára jù. Kò sí ìdílé ọba kan ṣoṣo níbẹ̀. Ìlà méjì ló wà, ti Balógun àti ti Ọ̀tún, ìjòyè yóò sì máa gùn wọ́n ní ìpele-ìpele fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìlà kan lẹ́yìn èkejì. Lékan Balógun jẹ Olúbàdàn, ọba Ìbàdàn, ní March 2022 láti ìlà Ọ̀tún, Ọwọ́lábí Ọlákùlẹ́hìn tẹ̀lé e ní July 2024 láti ìlà Balógun, Rashidi Ladọjà sì tẹ̀lé e ní September 2025 láti ìlà Ọ̀tún. Ìlú ti mọ ẹni tó kàn kó tó kàn án. Ní Ọ̀yọ́, ẹ̀wẹ̀, Aláàfin Lamidi Adéyẹmí Kẹta wàjà ní April 2022, January 2025 ni ìjọba tó kéde Akeem Owóadé.

Àkàbà Ìbàdàn ní àléébù tirẹ̀. Ẹni tó bá fi gbogbo ọjọ́ ayé gùn ún máa ń darúgbó kó tó dé òkè, Olúbàdàn Ọlákùlẹ́hìn kò lò ju ọdún kan lọ. Ní 2017, ìjọba ìpínlẹ̀ fi adé dá àwọn ìjòyè àgbà lọ́lá, ọ̀rọ̀ náà sì dé kóòtù. Síbẹ̀ àkàbà náà kò wó.

Àtakò àti ìdáhùn

Ẹnì kan lè sọ pé afọbajẹ náà lè di ìkà. Òótọ́ ni. Baṣọ̀run Gáà, láti nǹkan bí 1754 sí 1774, mú kí Aláàfin mélòó kan kú lọ́kọ̀ọ̀kan, títí Aláàfin Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀. Owó náà máa ń wọ ọ̀rọ̀ ìfọbajẹ lónìí. Ṣùgbọ́n Gáà ti àríyànjiyàn mi lẹ́yìn ni. Ìgbà tó so agbára ogun mọ́ agbára ìfọbajẹ ló di ìkà. Bí a bá ká ọwọ́ afọbajẹ kúrò pátápátá nítorí Gáà, Killmonger ni a ó bá.

Ẹlòmíràn lè sọ pé ìjọba ni kó máa yan ọba, kí ìjà lè tán. Ìtàn Èṣùgbàyí, Eléko, ọba Èkó, fèsì sí èyí. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yọ ọ́ lóyè ní 1925, wọ́n sì lé e kúrò nílùú. Ó gbé ẹjọ́ náà títí dé Privy Council ní London, tó sọ ní 1931 pé aláṣẹ kò lè fọwọ́ kan òmìnira ènìyàn láìfi ẹsẹ̀ òfin rẹ̀ múlẹ̀ níwájú adájọ́. Ó padà sí Èkó lọ́dún náà. Adájọ́ tí Wakanda kò ní ni Eléko rí.

Ìgúnlẹ̀

Àwọn òǹkọ̀wé wa tí wọ́n ń kọ ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì ní iṣẹ́ tó ń dúró dè wọ́n. Kí wọ́n kọ ayé tí ìdílé mẹ́rin ti ń pín ìtẹ́ jẹ lórí pílánẹ́ẹ̀tì kan, tí àwọn afọbajẹ kò lè jọba láéláé, tí olórí ọkọ̀ ogun kò gbọdọ̀ sùn ní olú ìlú. Eré yóò kún inú ìtàn bẹ́ẹ̀ ju ti ìjà ojú omi lọ, torí àdéhùn, ìkọ̀sílẹ̀, ọ̀tẹ̀ àti ìpàdé òru ló wà nínú rẹ̀.

Àwa tí a ń gbé láàárín àwọn ìlú olóyè ní Kòsọ́fẹ́ náà ní tiwa láti ṣe. Ìgbà tí ọba wà láàyè, tí ara rẹ̀ sì le, ló yẹ kí a kọ orúkọ ìdílé tó kàn àti ti àwọn afọbajẹ sílẹ̀, kí a kà á síta fún ọmọ onílẹ̀ àti àlejò, kí a sì fi ẹ̀dà rẹ̀ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Bí a bá dúró títí ìtẹ́ fi ṣófo, ẹni tí apá rẹ̀ le jù tàbí tí owó rẹ̀ pọ̀ jù ni yóò fi ọba jẹ.