Ògiri Tó Lanu: Ìtàn Ilé Wa Láti Orí Amọ̀ Dé Orí Símẹ́ńtì

Bóyá inú ọkọ̀ lẹ wà báyìí ní Kára, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ò jẹ́ kí ẹ kúrò lójú kan. Bóyá ẹ sì ti dùbúlẹ̀ sílé, tí fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Tó bá jẹ́ pé ilé lẹ wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbójú sókè díẹ̀. Ẹ wo igun fèrèsé. Ẹ wo ibi tí àjà ti pàdé ògiri. Ṣé ẹ rí ìlà kan níbẹ̀? Ìtàn ìlà yẹn ni mo fẹ́ sọ lónìí.

Ìlà tiwa wà nínú pálọ̀ ilé àwọn òbí mi ní Mowé. Láti igun ìsàlẹ̀ fèrèsé ló ti bẹ̀rẹ̀, ó wá dagun lọ sílẹ̀ lẹ́yìn àga ńlá. Mo bá a níbẹ̀ nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Mo lọ sí yunifásítì, mo ṣe àgùnbánirọ̀, mo padà dé, ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá mi ti pe apéńtì kó wá dí i. Ìkẹta yẹn ni ti oṣù Kejìlá tí a fẹ́ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Bàbá mi ní òun ò fẹ́ kí àwọn àna máa wo ògiri dípò ìyàwó. Apéńtì fi nǹkan funfun dí i, ó kùn ún, ó ń dán. Àna wá, wọ́n jẹun, wọ́n lọ. Nígbà tí òjò oṣù Keje rọ̀ tán, ìlà náà ti padà sójú kan náà, ó sì ti fẹ̀ sí i.

Ìyá bàbá mi wá kí wa láti Ìfọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Màmá àgbà fi àtàńpàkò tọ ìlà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n ní, “Aṣọ lẹ kàn fi bo egbò. Ẹ ò wẹ egbò náà.”

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Èmi ò rí i rẹ́rìn-ín. Owó ìfẹ̀yìntì àwọn méjèèjì ló wà nínú ilé yẹn. Láti ọjọ́ tí ilé alájà mọ́kànlélógún ti wó ní Ìkòyí, lọ́jọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, tí ó sì pa èèyàn tó lé ní 40, ni màmá mi kì í ti í jókòó sórí àga ńlá yẹn mọ́. Wọn ò sọ ìdí fún ẹnikẹ́ni. Mo kàn ṣàkíyèsí ni.

Nígbà tí àtúnṣe wà nínú kàlẹ́ńdà

Gbogbo wa la mọ òwe yẹn: bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀tá ilé la máa ń fi í sọ. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: àwọn tó pa òwe yẹn mọ̀ pé ògiri máa ń lanu. Kò yà wọ́n lẹ́nu. Ilé alámọ̀ ni wọ́n ń gbé.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ rèé. Wọ́n á wa amọ̀ pupa, wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á fi ẹsẹ̀ gún un, wọ́n á fi í sílẹ̀, wọ́n á tún gún un. Ìpele kan ni wọ́n máa ń mọ lẹ́ẹ̀kan. Ìpele yẹn gbọ́dọ̀ gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé á bẹ ẹbí àti ọ̀rẹ́ ní ọ̀wẹ̀, á sì wá oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn. Ìdí nìyí tí ògiri fi máa ń nípọn, tí inú ilé sì máa ń tutù lọ́sàn-án gangan.

Amọ̀ ní àléébù kan: omi ni ọ̀tá rẹ̀. Òjò ọdún kan tó láti gé e jẹ. Ṣùgbọ́n ó ní ìwà kan tí símẹ́ńtì ò ní. Bí o bá bu omi sí amọ̀ tó ti gbẹ, á tún rọ̀. Amọ̀ tuntun á lẹ̀ mọ́ ti àtijọ́, wọ́n á di ọ̀kan. Nítorí náà, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á tún ògiri rẹ́, wọ́n á tún ilẹ̀ pa. Iṣẹ́ ọdọọdún ni, bí ẹni ń ro oko.

Ó dé ààfin, ó dé ojúbọ. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, ọdún Bẹẹrẹ ni wọ́n máa ń kó koríko bẹẹrẹ wá fún Aláàfin láti fi tún òrùlé ààfin ṣe. Samuel Johnson sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó jáde ní 1921. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn obìnrin ló máa ń tún ògiri ojúbọ òrìṣà Ìkirè kùn fún ọdún òrìṣà náà. Wọn ò dúró kí ògiri bàjẹ́ tán. Ọjọ́ àtúnṣe ti wà nílẹ̀ kí ìlà tó yọjú.

Símẹ́ńtì wọ̀lú

Ní 1824, bíríkìlà kan ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Joseph Aspdin, gba ìwé ẹ̀tọ́ fún ìyẹ̀fun kan tó pè ní símẹ́ńtì Portland, nítorí pé tó bá ti le tán, ó máa ń jọ òkúta tí wọ́n ń wà ní Portland. Kí ọ̀rúndún yẹn tó parí, ó ti dé Èkó. Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn ọmọ wa tó padà láti oko ẹrú ní Brazil, ni ọ̀gá iṣẹ́ bíríkìlà nígbà náà. Ẹ lọ wo Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Èkó, tí wọ́n ṣí ní 1894. Àgùdà kan, João Baptista da Costa, ló kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni ojú irin láti Èkó gba Ìfọ̀ kọjá lọ sí Abẹ́òkúta, tó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Ẹrù tó bá dé èbúté lè wá wọ ìlú tó wà lọ́nà jíjìn.

Gbogbo èèyàn fẹ́ ilé bíi ti Àgùdà, ṣùgbọ́n símẹ́ńtì wọ́n. Kí ni wọ́n ṣe? Ọ̀pọ̀ fi amọ̀ mọ ògiri, wọ́n wá fi símẹ́ńtì rẹ́ ẹ lójú. Ẹ ṣì lè rí irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Ìjẹ̀bú. Bí wọ́n bá ti ń gbó, ẹ máa rí i pé símẹ́ńtì ojú wọn ti ń ṣí bí èèpo, amọ̀ pupa sì ń yọjú lábẹ́ rẹ̀. Amọ̀ máa ń wú tó bá mu omi, á súnkì tó bá gbẹ. Símẹ́ńtì le, kì í bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ohun méjì tí ìrìn wọn ò dọ́gba ni wọ́n so pọ̀, ibi tí wọ́n ti ya ara wọn ni ìlà ti máa ń jáde. Omi á gba ojú ìlà wọlé, kò sì ní í ráyè jáde mọ́.

Ibi tí mo ti ronú kan bàbá mi nìyẹn. Láti ìgbà yẹn la ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún ojú ògiri ṣe, tí a ò tún ògiri ṣe.

Ewékorò, àti ọdún tí símẹ́ńtì kún òkun

Láti Ìfọ̀, tí ẹ bá ń lọ sí Abẹ́òkúta, ẹ máa gba Papaláńtò kọjá, ẹ ó sì dé Ewékorò. Òkúta ẹfun wà lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀. Ìkarahun àwọn nǹkan inú òkun ṣì wà nínú òkúta náà, nítorí pé ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 60 ọdún sẹ́yìn, òkun ló bo ibẹ̀. Wọ́n dá ilé-iṣẹ́ West African Portland Cement sílẹ̀ ní 1959, ilé-iṣẹ́ Ewékorò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960, ọdún òmìnira gan-an. Wọ́n á lọ òkúta yẹn pọ̀ mọ́ amọ̀, wọ́n á sun ún nínú iná tó gbóná tó nǹkan bíi 1,450 lórí ìwọ̀n Celsius, wọ́n á tún lọ̀ ọ́ kúnná. Ẹ ò rí i pé amọ̀ ò kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà? Ó kàn gba inú iná kọjá ni.

Ìgbà owó epo rọ̀bì dé, gbogbo èèyàn fẹ́ kọ́lé, ìjọba náà fẹ́ kọ́ ilé ọmọ ogun. Láàárín 1974 sí 1975, ìjọba Gowon ra símẹ́ńtì tó tó nǹkan bíi 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù láti òkè òkun, nígbà tí èbúté Èkó ò lè já ju bíi mílíọ̀nù kan lọ lọ́dún. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ ojú omi tò sójú òkun, wọ́n ń dúró. Ìjọba ń san owó ìdádúró fún wọn. Símẹ́ńtì mìíràn ti di òkúta sínú ọkọ̀ kí wọ́n tó já a. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje 1975 ni ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Gowon.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé láàárín ìran kan péré, símẹ́ńtì kúrò ní ohun ọ̀ṣọ́, ó di ohun tí a gbà pé òun nìkan ni ilé. Ẹni tó bá ń gbé ilé alámọ̀ di ẹni tó ń tijú. A sì gbà gbọ́ pé ilé símẹ́ńtì, tí o bá ti kọ́ ọ tán, o ti kọ́ ọ tán nìyẹn.

Àwa ará ojú ọ̀nà ẹ̀sípírẹ́ẹ̀sì

Wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní 1978. Ìbàfò àti Mowé tó wà lẹ́bàá ọ̀nà náà di ibi tí ẹni tí owó ilé Èkó ti gbọ́n ìkùnsínú lára rẹ̀ ń sá wá. Díẹ̀díẹ̀ la fi ń kọ́lé níbí. Owó àjẹmọ́nú dé, a ra búlọ́ọ̀kù. Owó àjọ dé, a gbé e dé líńtẹ̀. Lẹ́yìn náà, òjò ọdún méjì á rọ̀ sórí ògiri tí kò ní òrùlé. Ẹlòmíràn kọ́ ọ sórí ilẹ̀ àbàtà tí wọ́n kàn da yẹ̀pẹ̀ kún. Ẹni tó ń mọ búlọ́ọ̀kù náà fẹ́ jèrè, ó bu yanrìn púpọ̀ sí símẹ́ńtì díẹ̀.

Ohun kan sì wà tí púpọ̀ nínú wa ò mọ̀: símẹ́ńtì kì í le nítorí pé ó gbẹ. Omi ló ń sọ ọ́ di òkúta. Bí oòrùn bá tètè fa omi rẹ̀ gbẹ, kò ní í lágbára, á sì sán. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí a máa bu omi rin ògiri tuntun fún bí ọjọ́ méje. Amọ̀ fẹ́ kí o mú sùúrù kí ó gbẹ. Símẹ́ńtì fẹ́ kí o mú sùúrù kí ó má tètè gbẹ. A gba ohun èlò tuntun, a mú ìwà ti àtijọ́ dání sí i, a wá fi ìwà àtúnṣe sílẹ̀. Èyí tó yẹ ká fi sílẹ̀ gan-an la mú dání.

Bí a ṣe wẹ egbò náà

Mo bẹ bàbá mi pé kí wọ́n má tíì pe apéńtì. Mo fi pẹ́ńsù fa àmì sí orí àti ìdí ìlà náà, mo kọ déètì sí i. Oṣooṣù ni mo ń wò ó. Láti oṣù Kẹjọ dé oṣù Kẹwàá, ó kọjá àmì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó dúró. Ó ti hàn: òjò ni. A jáde lọ wo ẹ̀yìn ògiri. Gbogbo omi òrùlé apá yẹn ló ń dà sí ẹsẹ̀ ìpìlẹ̀ lójú kan, ilẹ̀ ibẹ̀ sì ti wọlẹ̀.

A pe ẹnjiníà ilé, ó wá wò ó kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ó ní ìpìlẹ̀ ò tíì bàjẹ́, ṣùgbọ́n kí a lé omi náà lọ. A fi gọ́tà sí òrùlé, a la ojú omi, a di ilẹ̀ ibẹ̀ le. A dúró kí òjò ọdún kan kọjá lórí rẹ̀. Ìgbà tí ìlà ò rìn mọ́ ni bíríkìlà tó wá gbẹ́ ẹ fẹ̀ títí ó fi kan búlọ́ọ̀kù, ó gbá eruku inú rẹ̀ kúrò, ó bu omi sí i kí èyí tó wà níbẹ̀ má bàa fa omi ara tuntun mu, ó na nẹ́ẹ̀tì sí ojú rẹ̀, ó wá rẹ́ ẹ. A bu omi rin ín fún ọ̀sẹ̀ kan. Péńtì ló kẹ́yìn.

Tiyín lè má rí bẹ́ẹ̀. Ìlà tín-ín-rín bí irun lójú ibi tí wọ́n rẹ́ kì í sábà léwu. Ìlà tó ń tọ ojú ìsopọ̀ POP lára àjà náà kì í sábà léwu, àyàfi tí àbàwọ́n omi bá wà níbẹ̀. Ẹ wo òrùlé ná. Ṣùgbọ́n èyí tó dagun láti igun fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn, tó ń fẹ̀ sí i, tí ilẹ̀kùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í há, ẹ má ṣe pe apéńtì. Ẹ pe ẹnjiníà. Bí ó bá sì jẹ́ lára pílà ni, ẹ má ṣe jẹ́ kó di ọ̀la.

Bàbá mi ò jẹ́ kí apéńtì kun ibi tí mo kọ déètì sí. Wọ́n ní kó wà bẹ́ẹ̀, kí àwọn máa wò ó lọ́dọọdún tí òjò bá dá. Màmá mi fi kàlẹ́ńdà bò ó nítorí àlejò. Nígbà tí màmá àgbà tún wá láti Ìfọ̀, wọ́n gbé kàlẹ́ńdà náà sókè, wọ́n fi àtàńpàkò tọ ojú ibẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n lọ jókòó sórí àga ńlá, wọ́n sì ní kí màmá mi wá jókòó ti àwọn.

Màmá mi jókòó.