*Kí Ló Dé Tí Ọmọ Wa Ní Amẹ́ríkà Kò Tíì Di Dókítà? Ìtàn Ọ̀nà Gígùn Kan*

Ọ̀rọ̀ ìlera tòní kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà. Ọ̀rọ̀ àwọn tí yóò tọ́jú wa lọ́la ni: bí wọ́n ṣe ń múra sílẹ̀, àti ibi tí ìmúrasílẹ̀ náà ti ṣẹ̀ wá.

Ìbéèrè kan wà tí àwa òbí máa ń bi àwọn ọmọ wa tó wà ní Amẹ́ríkà lórí fóònù: "Ṣé o ò tíì di dókítà ni? Ọmọ ará ilé kejì tí ẹ jọ jáde ìwé mẹ́wàá, ó ti ń wo aláìsàn n'Ìbàdàn." Ọmọ náà á rẹ́rìn-ín, á ní kí a máa fi àdúrà ran òun lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n tó bá gbé fóònù sílẹ̀ tán, inú rẹ̀ kì í dùn. A ti pè é ní ọ̀lẹ láìmọ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà tirẹ̀ ló gùn ju ti ọmọ ará ilé kejì lọ. Ẹ jẹ́ kí a mọ ìtàn ọ̀nà náà, kí a lè mọ bí a ó ṣe máa bá wọn sọ̀rọ̀.

*Ọ̀nà méjì ló wà*

Ọ̀nà tiwa ní Nàìjíríà, ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì la ti gbà á. Lọ́dọ̀ wọn, ẹ̀kọ́ dókítà jẹ́ oyè àkọ́kọ́. Ọmọ tó bá jáde ilé-ìwé girama, tó yege nínú JAMB, ó lè wọ kíláàsì ìṣègùn tààrà, kí ó sì fi nǹkan bí ọdún mẹ́fà kẹ́kọ̀ọ́, bí ìyanṣẹ́lódì kò bá dá a dúró. Lẹ́yìn náà ni yóò ṣe háósì jọ́ọ̀bù.

Ọ̀nà yìí náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1930 ni ìjọba àwọn òyìnbó dá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ ní Yaba. Àwọn tó jáde níbẹ̀ ń wo aláìsàn, ṣùgbọ́n igbákejì dókítà ni wọ́n ń pè wọ́n, ìwé àṣẹ wọn kò sì kọjá ilẹ̀ Nàìjíríà. Ìyẹn dun àwọn ará ìlú gan-an. Nígbà tí Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948, tí wọ́n sì ṣí UCH ní 1957, ni ọmọ Nàìjíríà wá lè gba oyè dókítà tó pé nílẹ̀ baba rẹ̀.

Ọ̀nà ti Amẹ́ríkà yàtọ̀. Níbẹ̀, ọmọ yóò kọ́kọ́ lo ọdún mẹ́rin ní yunifásítì, yóò gba oyè kan. Lẹ́yìn náà ni yóò ṣe ìdánwò ńlá kan tí wọ́n ń pè ní MCAT. Tó bá yege, tí wọ́n sì gbà á, yóò tún lo ọdún mẹ́rin mìíràn ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Ìkọ́ṣẹ́ nínú ilé ìwòsàn tó tẹ̀ lé e lè gba ọdún mẹ́ta, ó sì lè tó méje, bí iṣẹ́ abẹ tó fẹ́ ṣe bá ṣe le sí. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ọmọ ọdún 18 tó wọ yunifásítì lónìí lè pé 30 ọdún kí ó tó dá dúró.

Ta ló wá fa ọ̀nà náà gùn tó báyìí? Ẹ̀yin ìyá ẹgbẹ́, ẹ fara balẹ̀ síbí o, nítorí ẹgbẹ́ obìnrin wà nínú rẹ̀.

*Àwọn obìnrin Baltimore*

Oníṣòwò kan wà ní ìlú Baltimore tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Johns Hopkins. Ó kú ní 1873, ó sì fi 7 mílíọ̀nù dọ́là sílẹ̀ kí wọ́n fi kọ́ yunifásítì kan àti ilé ìwòsàn kan. Wọ́n ṣí ilé ìwòsàn náà ní 1889, ṣùgbọ́n owó tán lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó dá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀. Inú ilé-iṣẹ́ rélùwéè ni púpọ̀ nínú owó yunifásítì wà, ilé-iṣẹ́ náà kò sì san èrè mọ́.

Ibẹ̀ ni àwọn ọmọbìnrin ìlú náà ti dìde. Bàbá wọn wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ogún Hopkins. Mary Garrett àti Carey Thomas wà lára wọn. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Baltimore àti ní àwọn ìlú ńlá mìíràn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dáwó jọ. Wọ́n wá sọ fún ìgbìmọ̀ pé: a ó fún yín lówó, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ gba obìnrin bí ẹ ṣe ń gba ọkùnrin. Ìgbìmọ̀ ní àwọn gbà, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ náà kò ní ṣí àfi tí owó bá pé 500,000 dọ́là. Bóyá wọ́n rò pé owó náà kò ní pé láéláé ni, èmi kò mọ̀. Mary Garrett fi owó ara rẹ̀, tó lé ní 300,000 dọ́là, pé e ní ìparí ọdún 1892.

Ṣùgbọ́n obìnrin yìí kì í ṣe ẹni tó ń náwó láìbéèrè. Ó fi àdéhùn kejì kún un: ẹni tó bá fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ náà gbọ́dọ̀ ti gba oyè yunifásítì, kí ó sì ti mọ kẹ́místírì, físíìsì àti ìmọ̀ nípa ohun abẹ̀mí. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà ń gba ẹnikẹ́ni tó bá ti lówó lọ́wọ́, kódà bí kò parí ilé-ìwé girama. Ẹ̀rù ba àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Hopkins pàápàá pé àdéhùn náà ti le jù. Garrett kò yí i padà. Ní 1893 ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣí, akẹ́kọ̀ọ́ 18 ló wọlé, mẹ́ta nínú wọn sì jẹ́ obìnrin.

Ẹ rí i pé owó ẹgbẹ́ obìnrin ló ṣílẹ̀kùn, òun náà ló sì gbé ẹnu ọ̀nà ga.

*Ìwọ̀n kan náà fún gbogbo ènìyàn*

Ní 1910, olùkọ́ kan tí kì í ṣe dókítà, Abraham Flexner, gbé ìwé àbọ̀ kan jáde. Ó ti lọ wo ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn 155 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ó bá èyí tí kò ní yàrá àyẹ̀wò, ó bá èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kì í fojú kan aláìsàn. Hopkins ló fi ṣe òṣùwọ̀n. Ó ní ó kéré tán, kí ọmọ kọ́kọ́ lo ọdún méjì ní yunifásítì, kí ó sì kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì.

Ìwé náà ṣe rere. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ayédèrú ti ilẹ̀kùn. Àmọ́, ó tún ṣe ibi. Ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn àwọn adúláwọ̀ jẹ́ méje nígbà náà. Flexner ní méjì péré ló yẹ kí ó kù, Howard ní Washington àti Meharry ní Nashville. Kò pẹ́ tí márùn-ún yòókù fi pa dé. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti obìnrin náà dín kù títí ó fi ku ẹyọ kan ní Philadelphia. Ọmọ adúláwọ̀ tí ilé-ìwé abúlé rẹ̀ kò ní yàrá kẹ́místírì, níbo ni yóò ti rí ọdún méjì yunifásítì? Wọ́n gbé àkàbà ga, wọ́n sì yọ àwọn àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ kúrò fún àwọn kan. Ọ̀pọ̀ àdúgbò adúláwọ̀ ló wà láìní dókítà fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí rẹ̀.

Nígbà tó yá, ọdún méjì di mẹ́rin. Ní 1928 ni ìdánwò àbáwọlé bẹ̀rẹ̀, èyí tó di MCAT lónìí, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ ń já bọ́ ní ìdajì ọ̀nà. Ní 2015, wọ́n mú kí ìdánwò náà gbòòrò sí i. Ó ń béèrè nípa ìrònú ẹ̀dá àti bí àwùjọ ṣe ń gbé pọ̀, nítorí ẹni tí kò mọ ènìyàn kò lè wo ènìyàn sàn.

*Xavier: ibi tí wọ́n ti ń fa ara wọn gòkè*

Obìnrin mìíràn tún wà. Katharine Drexel, ọmọ olówó ilé ìfowópamọ́ kan ní Philadelphia, di sísítà nínú Ìjọ Àgùdà, ó sì ná ogún rẹ̀ sórí ẹ̀kọ́ àwọn adúláwọ̀ àti àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà. Òun àti àwọn sísítà rẹ̀ ló dá Yunifásítì Xavier sílẹ̀ ní New Orleans ní 1925. Ìjọ sọ ọ́ di ẹni mímọ́ ní ọdún 2000.

Xavier kì í ṣe ilé-ìwé ńlá, kò sì lówó bí àwọn gbajúmọ̀ yunifásítì. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun ló ń ṣíwájú gbogbo Amẹ́ríkà nínú iye akẹ́kọ̀ọ́ adúláwọ̀ tó ń ti ibẹ̀ wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Kí ni àṣírí wọn? Àwọn olùkọ́ gbà pé kì í ṣe orí ló ń dun ọmọ tó wá láti ilé-ìwé tí kò dára. Ìpìlẹ̀ ni kò ní. Nítorí náà, wọ́n ń kó àwọn ọmọ girama jọ ní àkókò ìsinmi láti kọ́ wọn ṣáájú. Àwọn olùkọ́ ń fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí wọn yóò kọ́ wọn. Ní ilé-ìwé mìíràn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fi ìwé pamọ́ fún ara wọn. Ní Xavier, àgbájọ ni wọ́n ń kàwé. Èyí tó mọ kẹ́místírì á kọ́ èyí tí kò mọ̀ ọ́n. Àwa náà mọ̀ ọ́n tipẹ́ pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

*Nílé tiwa ńkọ́?*

Elizabeth Abímbọ́lá Awóliyì jáde Queen's College ní Èkó, ó gba oyè ìṣègùn ní Dublin ní 1938, ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà. Òun náà ló jẹ́ ààrẹ àpapọ̀ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Nàìjíríà, NCWS, láti 1964 títí ó fi kú ní 1971. Dókítà àti ìyá ẹgbẹ́ ni lẹ́ẹ̀kan náà.

Kòfówórọlá Àbẹ̀ní Pratt ńkọ́? Tíṣà ni ní Èkó kí ó tó lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní London. Ó padà wálé, ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ métírọ́ọ̀nù UCH. Ó sì wà lára àwọn tó jẹ́ kí Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka nọ́ọ̀sì ní 1965. Ọdún tó fi ṣe tíṣà kò ṣòfò. Iṣẹ́ tíṣà náà ló padà fi kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì.

*Ohun tó yẹ kí a mọ̀ kí a tó náwó*

1. Ọmọ tó bá fẹ́ gba físà akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Amẹ́ríkà nítorí ìṣègùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè dáadáa. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn níbẹ̀ kì í gba ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú. Ìjọba wọn kì í sì í yá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lówó. Àwọn kan ti ta ilẹ̀ fún ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ kí wọ́n tó gbọ́ èyí.

2. "Pre-med" kì í ṣe orúkọ oyè. Ọmọ lè gba oyè nínú ìtàn tàbí orin, bí ó bá ti ṣe àwọn sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń béèrè. Ẹ má ṣe bínú tí ẹ bá gbọ́ ohun tó ń kà.

3. Máàkì ọdún kìíní wà nínú ìṣírò. Ọdún tó máa ń le jù fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé nìyẹn. Ìgbà náà ni kí a máa pè é láti béèrè bí ara rẹ̀ ṣe rí.

4. Bí ó bá ń tọ́jú arúgbó tàbí ń ti àga aláìsàn kiri ní ilé ìwòsàn, kì í ṣe ìyà. Àwọn tó ń gbani wọlé máa ń wò ó.

5. Ọmọ tó ti gba oyè dókítà nílé kò ní padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ìdánwò USMLE ló wà níwájú rẹ̀, lẹ́yìn náà ìkọ́ṣẹ́.

6. Iṣẹ́ ìlera kò mọ sórí dókítà. Nọ́ọ̀sì, apòògùn, dókítà eyín, àwọn tó ń tọ́ eegun àti iṣan, iṣẹ́ iyì ni gbogbo wọn.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa, a ń dá àjọ fún aṣọ ẹbí, a ń dá a fún ọdún àti ìsìnkú. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ rántí àwọn obìnrin Baltimore. Bí ẹgbẹ́ kan bá lè ra ìwé ìmúrasílẹ̀ fún ọmọ kan ṣoṣo, tàbí kí ó san owó ìdánwò rẹ̀, ẹgbẹ́ náà ti fi ọwọ́ kan ilẹ̀kùn yẹn.

Nígbà tí ẹ bá tún pe ọmọ yín lálẹ́ òní, ẹ má béèrè ìgbà tí yóò di dókítà. Ẹ béèrè ibi tó dé. Ẹ sọ fún un pé ẹ ti mọ̀ pé ọ̀nà náà jìn, ẹ sì ń bá a rìn ín.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí a jẹun ọmọ. Ẹ bá wa fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ mìíràn tó lọ́mọ lókè òkun.